Orí Keje: Ìrìnàjò Ìgbafẹ́ Lórí Ẹṣin, Ilẹ̀ Yéwà àti Àwọn Ìlú Àtijọ́

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) sọ ohun tí ìrìnàjò ìgbafẹ́ lórí ẹṣin jẹ́;
(b) ṣàlàyé ìdí tí ẹṣin fi rí ọ̀nà gbà dé ilẹ̀ Yéwà nígbà tí kò lè wọ igbó ńlá;
(d) ròyìn ọ̀nà tí ó ti Ọ̀yọ́ Ilé wá sí etí òkun, àti àjọ̀dún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde;
(e) fi ìṣe àwọn ará gúúsù Spéìn wé ohun tí ó wà ní àyíká wa;
(ẹ) to ètò ìrìnàjò kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti Àgọ́ṣáṣá.

7.1 Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Láyé ìgbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tíì dé, tí rélùwéè kò tíì la ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, ẹni tí ó bá gun ẹṣin wọ̀lú, yálà ọba ni o, yálà ìjòyè ni, tàbí oníṣòwò tí ọwọ́ rẹ̀ ti ba ẹnu, gbogbo ènìyàn ni í yà lọ́nà fún un, nítorí pé ẹṣin ni ó so ọlá, ogun àti ìrìn jíjìn pọ̀ sójú kan. Àwọn àgbà wa kíyè sí ìjókòó ẹni tí ó wà lórí rẹ̀, wọ́n sì wí pé bí a bá gun ẹṣin tí a kò bá fẹ́ ju ìpàkọ́, ẹṣin fúnra rẹ̀ yóò jù ú fún ni. Lónìí, ogun ti kúrò lọ́rùn ẹṣin, ìrìn òwò sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀; ọlá àti ìgbafẹ́ ni ó kù, àwọn ni ẹ̀kọ́ yìí sì dá lé.

Ìrìnàjò ìgbafẹ́ ni kí ènìyàn fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kì í ṣe nítorí òwò tàbí ìsìnkú, bí kò ṣe kí ó lè sinmi, kí ó wo ibi tí kò rí rí, kí ó sì mọ ìṣe àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹṣin ni àlejò wà láti ìlú kan dé èkejì, tí ó ń sùn lójú ọ̀nà, tí ó sì ń dúró wo ohun ìtàn bí ó ti ń lọ, a ń pè é ní ìrìnàjò ìgbafẹ́ lórí ẹṣin. Ìlú àtijọ́ ni ìlú tí ohun ayé àtijọ́ rẹ̀ ṣì hàn sójú: ààfin, ẹnu ibodè, odi, ọjà tàbí ojúbọ. Amọ̀nà ni ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ó sì mọ ìtàn rẹ̀. Olùtọ́jú ẹṣin ni ẹni tí ń bọ́ ẹṣin, tí ń wẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń dì í ní gàárì. Ìrìnàjò tí kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní jìnnà kí ó tó forí ṣánpọ́n, bí ó ti wù kí amọ̀nà gbọ́n tó.

7.2 Ilẹ̀ ni í pinnu ibi tí ẹṣin lè dé

Láti òkè Ọya ni ẹṣin ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilẹ̀ Yorùbá, láti ọwọ́ àwọn Tápà, àwọn Hausa àti àwọn Ìbàrìbá, tí ìran àwọn ẹṣin tiwọn náà sì ti gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láyé ọjọ́un. Irú méjì ni ìran rẹ̀ pọ̀ jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: èyí tí a ń pè ní Barb, tí ó ṣẹ̀ wá láti àríwá Áfíríkà, àti èyí tí a ń pè ní Dongola, tí ó ti ìhà odò Náílì wá.

Ẹni tí ó bá ń wá ìdí tí ẹṣin kò fi gbilẹ̀ nínú igbó ìhà Oǹdó tàbí ti Ìkálẹ̀, kí ó má ṣe dá ènìyàn lẹ́bi, nítorí eṣinṣin ni ó fa sábàbí. Eṣinṣin tsetse, tí ó fẹ́ràn ibi tí òjìji pọ̀ sí, ni í mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, bí ó sì ti ń mu ún ni ó ń fi kòkòrò àìfojúrí sínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ibà a mú ẹṣin, a rù títí egungun ìhà rẹ̀ yóò fi ṣeé kà, ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ a wú, a sì di ẹran tí kò lè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Èyí ni ó mú kí àwọn ọba inú igbó tí wọ́n ra ẹṣin láti òkè máa fi í ṣe ẹ̀yẹ nìkan, tí wọn kò sì lè fi í jagun.

Igbó kìjikìji ni igbó tí orí igi rẹ̀ kan ara wọn tí oòrùn kò fi rí ilẹ̀. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko gíga tí igi rẹ̀ fọ́n ká. Igbó kìjikìji ni ó na ara rẹ̀ gba etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ, ṣùgbọ́n láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, gba Tógò lọ sí ilẹ̀ olómìnira Benin, igbó náà já láàárín, ọ̀dàn sì sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi òkun. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe ibẹ̀ ní Àlàfo Dàhòmì. Etí ìlà-oòrùn àlàfo yìí ni ilẹ̀ Yéwà bọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Ìlaró lọ sí Ayétòrò yóò fi ojú ara rẹ̀ rí bí igi ti ń fọ́n ká díẹ̀díẹ̀ tí koríko sì ń gba ilẹ̀. Ìyípadà ilẹ̀ yìí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀ láìbojúwò ó, ni ó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ìtàn tí ó wà ní ìpín tí ó tẹ̀ lé èyí.

7.3 Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí etí òkun

Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú Ikú Bàbá Yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, wà nínú ọ̀dàn gidi, ẹṣin sì ni ọwọ́ ọ̀tún agbára rẹ̀. Ní 1726 ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ gbógun wọ ìjọba Dàhòmì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìjà, àlàáfíà fìdí múlẹ̀ ní 1748, Dàhòmì sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin títí di ìgbà ọba wọn Gezo, lẹ́yìn 1820. Ohun kan wà nínú ogun náà tí ó kan ẹ̀kọ́ wa gan-an: àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀nyí kì í lè jókòó pẹ́ ní Dàhòmì, nítorí pé bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí oúnjẹ ẹṣin sì wọ́n, wọ́n ní láti padà sílé. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ẹni tí yóò gun ẹṣin ní agbègbè yìí, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí ó dúró dè.

Nígbà Aláàfin Abíọ́dún, tí ó jọba ní ìdá kẹrin tí ó kẹ́yìn nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, òwò Ọ̀yọ́ pẹ̀lú àwọn òyìnbó etí òkun gbòòrò gidigidi, ọ̀nà ilẹ̀ Yéwà, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà, ni ó sì ń gbà lọ sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Ìjànná, nítòsí Ìlaró, ni Aláàfin fi aṣojú rẹ̀ sí, ẹni tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Oníṣàrẹ́, kí ó lè máa bójú tó ọ̀nà náà. A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́ fún àlejò: àwọn ènìyàn tí a kó lẹ́rú wà nínú ọjà tí ó pọ̀ jù tí ó gba ọ̀nà yìí kọjá. Amọ̀nà tí ó bá ń ròyìn ẹwà gàárì Ọ̀yọ́ tí kò sì mẹ́nu kan ẹsẹ̀ àwọn tí a so mọ́ ara wọn lẹ́yìn ẹṣin, ìdajì ìtàn ni ó sọ.

Ọ̀nà yìí kan náà ni Hugh Clapperton, ará Skọ́tílàǹdì, àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander gbà nígbà tí wọ́n kúrò ní Àgbádárìgì ní oṣù Kejìlá 1825, tí wọ́n la ilẹ̀ Yéwà já, tí wọ́n sì wọ Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Kìíní 1826. Ibà pa díẹ̀ nínú àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ wọn lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ogun Dàhòmì dà bo àwọn ìlú ìhà yìí. Ní 1886 ni wọ́n fọ́ Kétu, ìlú Alákétu. Síbẹ̀, ẹnu ibodè Kétu tí a ń pè ní Àkàbà Ìdènà ṣì wà títí dòní, ní apá kejì ààlà, nílẹ̀ olómìnira Benin, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rí irú ọgbọ́n tí àwọn baba wa fi ń ṣọ́ ìlú.

7.4 Ojúde Ọba: ẹṣin nínú àjọ̀dún wa

Nípìńlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, ibi tí a ti lè rí ẹṣin àti ẹlẹ́ṣin nínú gbogbo ẹ̀yẹ wọn ni Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, níwájú ààfin Awùjalẹ̀. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ti 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kristi tàn kálẹ̀ níbẹ̀. Balógun Kúkù, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ àti jagunjagun ìlú, gba Ìsìláàmù, òun ni a sì ń ròyìn pé ó bẹ̀rẹ̀ àṣà pé kí àwọn ẹlẹ́sìn náà máa gun ẹṣin lọ kí ọba lẹ́yìn ọdún, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fún wọn láyè láti sin Ọlọ́run wọn. Láti inú ọpẹ́ yẹn ni àjọ̀dún Ojúde Ọba ti dàgbà dé ibi tí gbogbo ayé ti ń rọ́ wá wò ó. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó jókòó lórí ìtẹ́ láti 1960 títí di 2025 tí ó wàjà, ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí rẹ̀, pàápàá nípa jíjí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, èyíinì ni ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, dìde padà.

Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ a kọ́kọ́ yọ nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdílé àwọn Balógun bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn a yí padà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ẹṣin kan ṣoṣo dáadáa. Ọ̀já aláràbarà dì í níwájú orí. Ṣaworo kéékèèké rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Aṣọ olówùú wúrà bo gàárì rẹ̀ títí dé ìhà. Olùtọ́jú rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ ará ìhà Àríwá níbi tí a ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà wá, di okùn ìjánu mú níbi tí ó sún mọ́ ẹnu. Bí ìbọn ìbílẹ̀ bá dún, etí ẹṣin a nà ṣánṣán, a máa họ ilẹ̀, a máa jẹ irin ìjánu títí ìfófòó funfun yóò fi yọ ní ètè rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fa okùn tagbáratagbára, yóò kàn fi orúnkún mú ìhà rẹ̀ ni, yóò sì bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó kọ́ ẹṣin gígùn àti ẹni tí wọ́n kàn gbé gorí ẹṣin.

Ojúde Ọba nìkan kọ́ ni irú rẹ̀. Ní Nikki, ìlú àwọn Ìbàrìbá ní ilẹ̀ olómìnira Benin, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún Gààní, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń wá kí ọba wọn. Àjọ̀dún ẹlẹ́ṣin Dọ́bà ti ìlú Kánò sì wọ inú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ti àjọ UNESCO ní 2024.

7.5 Àpẹẹrẹ láti gúúsù Spéìn

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ wo ilẹ̀ kan tí ó ti sọ nǹkan yìí di iṣẹ́ tí ń bọ́ ènìyàn. Andalusia ni orúkọ ìhà gúúsù ilẹ̀ Spéìn, ilẹ̀ olóòrùn, ilẹ̀ igi ólífì àti ọgbà àjàrà. Ní 711 ni àwọn Mùsùlùmí láti àríwá Áfíríkà la òkun tóóró kọjá sí ibẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 1492 tí Granada bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹṣin Barb, tí ó jẹ́ ìbátan àwọn ẹṣin tí ó ti Sàhárà wá sọ́dọ̀ wa, ni wọ́n gùn wọ Spéìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú ẹṣin Andalusia tí gbogbo ayé ń yìn lónìí.

Àwọn ará ibẹ̀ so ẹṣin mọ́ ìtàn. Ní Córdoba, níbi tí mọ́ṣáláṣí ńlá ìgbà àwọn Mùsùlùmí ti di kàtídírà, ọba Philip Kejì dá ilé ẹṣin ọba sílẹ̀ ní 1570. Ní Jerez, ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn kan ti wà láti 1973, tí àwọn àlejò ń sanwó wọ̀ láti wo ẹṣin tí ń jó sí orin. Ní àkókò Pẹ́ńtíkọ́sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn a gun ẹṣin tàbí wọ kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà lọ sí abúlé El Rocío fún àjọ̀dún Màríà Wúńdíá. Àlejò tí ó bá fẹ́ rìn jìnnà a máa sùn ní ilé oko, a gun ẹṣin gba àárín ọgbà ólífì lọ sí àwọn ìlú orí òkè tí wọ́n kun ní ẹfun, bíi Ronda tí afárá rẹ̀ dá kọjá lórí ọ̀gbun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn gbóná kọjá sísọ. Nítorí náà, ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n yàn láàyò.

Àwọn náà ti rí ìdààmú eṣinṣin. Láti 1987 sí 1990, àìsàn ẹṣin kan tí ó ti Áfíríkà lọ, tí kòkòrò kéékèèké tí ń jẹni ń gbé kiri, pa ọ̀pọ̀ ẹṣin ní Spéìn, títí tí wọ́n fi fi abẹ́rẹ́ àjẹsára àti òfin tí ó le ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé dókítà ẹran ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá, kí a tó wá àlejò. Ìtùnú ni ó jẹ́ pé a ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní Yunifásítì Ètò Ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí wa.

7.6 Gàárì, ìjánu àti ìtọ́jú

Gàárì ni ìjókòó tí a dì mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin. Ìjánu ni irin tí a fi sí i lẹ́nu pẹ̀lú okùn tí ó so mọ́ ọn. Kẹ́sẹ́ ni irin ṣóńṣó tí ẹlẹ́ṣin ń so mọ́ gìgísẹ̀. A kì í fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Kí a tó gbé gàárì sí i, a ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn ẹṣin wò, nítorí pé òkúta wẹ́wẹ́ kan lábẹ́ aṣọ gàárì tó láti dá egbò tí yóò gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó jiná. A ó fa ọ̀já abẹ́ ikùn mọ́ra, a ó mú ẹṣin rìn díẹ̀, a ó sì tún un fà, torí ọ̀pọ̀ ẹṣin a máa fẹ́ ikùn nígbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ òsì ẹṣin ni a ti ń gùn ún. Ìwọ̀n ẹlẹ́ṣin pẹ̀lú gàárì kò yẹ kí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin lọ. Ẹṣin tí ń rìn jẹ́jẹ́ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 6 ní wákàtí kan, kìlómítà 20 sí 30 sì tó fún un lóòjọ́. Ó lè mu omi lítà 20 sí 40, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà oòrùn. Ẹni tí ó bá ṣubú kí ó dìde, nítorí bí ẹṣin bá dáni, a tún un gùn ni.

7.7 Ètò kan láti Àgọ́ṣáṣá

Àpẹẹrẹ fún ẹ̀kọ́ ni èyí. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ni ó dára jù. Láti Àgọ́ṣáṣá a ó kọjú sí òkè lọ sí Ìlaró, níbi tí Ọlú ti Ìlaró wà. A ó yà wo Ìjànná, a ó sì gba inú koríko lọ sí Ayétòrò. Òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni a ó máa rìn. Nígbà tí oòrùn bá wà lójú ọ̀run, ẹṣin yóò sinmi lábẹ́ igi. Ọ̀dọ̀ àwọn baálẹ̀ ni a ti ń gba àṣẹ ibi tí a ó sùn.

Àlejò tí ó bá fẹ́ rí Àjàṣẹ́ tàbí Kétu lè bọ́ sí ọkọ̀ ní Ìdí-Ìrókò. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti 1979 gba ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti wọ ilẹ̀ ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà wọn bá pé. Ẹṣin kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìwé dókítà ẹran ni ó ń béèrè, ó sì sàn kí a fi í sílẹ̀ sí apá ìhín.

Kókó ẹ̀kọ́

Ọ̀dàn ni ó mú kí ẹṣin rí ọ̀nà gbà dé ìhà Yéwà. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí òkun gba ibẹ̀ nítorí ìdí kan náà. Ojúde Ọba ni àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù nípìńlẹ̀ wa, Andalusia sì fi hàn pé ẹṣin, ìlú àtijọ́, àkókò tí ó tọ́ àti ìtọ́jú tí ó péye ni ó gbọ́dọ̀ pàdé pọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Fún àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ìtumọ̀: ìlú àtijọ́, amọ̀nà, ọ̀dàn, ìjánu.
2. Kí ni Àlàfo Dàhòmì? Ya àwòrán ilẹ̀ tí ó fi hàn, kí o sì fi àmì sí Àgọ́ṣáṣá, Ìlaró, Ayétòrò, Kétu, Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì.
3. Kí ló dé tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kò fi lè pẹ́ ní Dàhòmì nígbà òjò?
4. Ẹlẹ́ṣin kan fẹ́ rin kìlómítà 48 lórí ẹṣin tí ń rìn jẹ́jẹ́. Wákàtí mélòó ni yóò lò lójú ọ̀nà, ọjọ́ mélòó ni ó sì yẹ kí ó pín in sí?
5. Sọ ohun méjì tí Ojúde Ọba àti àjọ̀dún El Rocío fi jọ ara wọn, àti méjì tí wọ́n fi yàtọ̀.
6. Kọ ọ̀rọ̀ tí ìwọ yóò sọ fún àlejò ní Ìjànná gẹ́gẹ́ bí amọ̀nà. Má ṣe yọ òwò ẹrú sílẹ̀.
7. Lọ bá àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ, kí o sì bi í léèrè ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba ìlú yín kọjá kí títì tó dé. Kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gan-an, kí o sì mú un wá sí kíláàsì, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ìtàn ọ̀nà wọ̀nyí kò tíì wọ inú ìwé kankan.